Tírélà Onítáyà Méjì tí Mo Rà ní Kùmásí

Ìwé mẹ́rin ni mo kà ní Ìlọ́bù. Nígbà tí mo dé Kùmásí, mo sọ fún wọn pé mẹ́fà ni.

Irọ́ náà kò tóbi lójú mi lọ́jọ́ tí mo pa á. Ìlú òkèèrè ni mo wà. Ta ni yóò wọkọ̀ lọ sí Ìlọ́bù lọ wo orúkọ mi nínú ìwé tíṣà? Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ò tilẹ̀ bi mí pé sàtífíkéètì dà. Wọ́n na ìwé ìròyìn kan sí mi pé kí n kà á sókè, mo kà á geere, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí mo ṣe di kíláàkì nìyẹn, ní kọ́ńpìnì kan tó ń gbẹ́ kànga káàkiri Góòlù Kóòsì, kí ilẹ̀ náà tó yí orúkọ padà.

Àwọn ọmọ mi mọ ìtàn Kùmásí dáadáa. Wọ́n mọ̀ nípa ọjà ńlá, wọ́n mọ̀ nípa òjò tó ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n mọ̀ nípa àwọn obìnrin tó ń fi igi gígùn gún fùfú. Èyí tí wọn ò mọ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ níbẹ̀ ni ìkíni. Ní Ìlọ́bù, bí èèyàn bá jí, kó tó dé ẹ̀yìnkùlé, á ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Kùmásí, mo pàdé bàbá arúgbó kan tó ró aṣọ ńlá sí èjìká, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Bàbá náà fò sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ yíká. Ó rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá. Àwọn obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ pé, "Aláàtà," èyí tí wọ́n máa ń pe gbogbo àwa tá a wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi. Látọjọ́ náà, mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nílùú yẹn, àyàfi ẹnì kan.

Ẹni náà ni Bùráímọ̀, dírẹ́bà lọ́rì kọ́ńpìnì wa. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọgbà iṣẹ́, ó gbọ́ tí mò ń bá ara mi sọ Yorùbá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìlọ́bù ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó wò mí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìfọ́n ni tèmi."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìlọ́bù sí Ìfọ́n ò ju ohun tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kí oòrùn tó mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bàbá mi kì í gba ìlú Ìfọ́n kọjá. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó gba ọ̀nà tó jìn.

Bùráímọ̀ ní, "Ilẹ̀ tí wọ́n ń fà yẹn, ṣé o dì í wá síbí?"

"Rárá, sà."

"Èmi náà ò dì í. Wá jẹun."

Àsáró ló sè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yó láti bí oṣù kan nìyẹn. Yàrá rẹ̀ ní Sóǹgò, àdúgbò àwọn àlejò, ni mo kó lọ nígbà tó yá, ibẹ̀ la sì jọ gbé fún ọdún méjì. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra iṣu lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, òun ló kọ́ mi ní Háúsá díẹ̀. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń gbọ́nmi fún mi, tó ń fi aṣọ tútù nù mí lójú bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa.

Bùráímọ̀ ò mọ̀wé rárá, nítorí náà èmi ni mò ń bá a kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ìparí oṣù la máa ń kọ ọ́. Á jókòó sórí ẹní, á di ojú, á bẹ̀rẹ̀: "Kọ ọ́ pé mo kí wọn. Kọ ọ́ pé wọ́n kú oko, wọ́n kú ọjà, wọ́n kú òjò. Kọ ọ́ pé mo bi wọ́n pé orúnkún wọn ńkọ́?" Ìkíni nìkan lè gba ojú ewé kan. Tí mo bá kọ ọ́ tán, mo máa ń kà á padà fún un, á sì máa mi orí. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àbúrò, ọwọ́ rẹ lẹnu mi." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Mi ò tíì mọ bó ṣe wúwo tó.

Èmi náà ń kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Tẹlifóònù wo ni arúgbó fẹ́ gbé ní Ìlọ́bù nígbà náà? Lẹ́tà á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin lọ́nà, wọ́n á wá tíṣà tó máa kà á, tíṣà á tún kọ èsì. Tí èsì bá fi máa dé, ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ ti tán. Mo kọ ọ́ pé orí ń fọ́ mi. Èsì dé lóṣù kejì pé kí n fi omi gbígbóná wẹ̀. Mo rántí pé mo fi lẹ́tà yẹn bojú, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí orí fífọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi oríkì jí mi láàárọ̀. Níbi tí mo wà, kíláàkì ni wọ́n ń pè mí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀gá wa, òyìnbó, pe èmi àti Bùráímọ̀.

Kọ́ńpìnì ní jíìpù kan tí wọ́n fi ń wọ igbó. Wọ́n ti de ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì máa ń kó irin gígùn gígùn sínú rẹ̀. Nínú igbó, jíìpù yìí ń gun òkè bí ewúrẹ́, ẹrẹ̀ ò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ojú títì ń jẹ táyà rẹ̀, kò sì yára. Iṣẹ́ tuntun tí a gbà sì jìnnà, lápá òkè lọ́hùn-ún. Ọ̀gá ní ká má wa jíìpù náà lọ mọ́. Ká ra tírélà tí a máa so mọ́ ìdí lọ́rì, ká gbé jíìpù lé e.

"Dírẹ́bà ló máa fà á," ni ọ̀gá wí, "ṣùgbọ́n kíláàkì ni kó ka ohun tó wà lára rẹ̀. Kí ẹ rí i dájú pé ó lè gbé ẹrù wa."

Ọ̀dọ̀ òyìnbó Kòráà kan tó ń ta ọkọ̀ àlòkù la lọ. Tírélà méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ti gbó. Táyà mẹ́rin ló ní, méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìpẹtà ti bò ó. Irin tí jíìpù máa gùn gòkè wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun èkejì ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Táyà méjì péré ló ní, ó fúyẹ́, ó ń dán.

Bùráímọ̀ ò wo ọ̀dà. Ó wọ abẹ́ tírélà tó gbó, ó dùbúlẹ̀ sínú eruku, ó ń fi ọwọ́ gbá irin. Ó jáde, ó ní, "Àbúrò, èyí ní bíréèkì tirẹ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì lọ́rì, tírélà náà á di ara rẹ̀ mú. Ọrùn rẹ̀ nípọn. Ìpẹtà tó wà lára rẹ̀, a óò họ ọ́ kúrò."

Ó tún lọ wo aláwọ̀ ewé. Ó fẹsẹ̀ tì í, ó mì. "Èyí ò ní bíréèkì. Tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, gbogbo ẹrù rẹ̀ á máa tì wá lẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n wò ó, irin pẹlẹbẹ kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí. Bá mi kà á. Báwo ni ẹrù tó lè gbé ṣe pọ̀ tó?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Nọ́ńbà kan ni mo rí, méjìdínlógún, lẹ́yìn náà lẹ́tà mẹ́ta: C, W, T. Mi ò rí i rí. Ìwé mẹ́rin ò tíì dé ibẹ̀. Mo ní ìwé jíìpù lápò, wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀ ní pọ́ùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí sì jẹ́ méjìdínlógún. Kòráà dúró tì wá, ó ń pè mí ní "Místà Kíláàkì", ó sì bi mí pé ṣé mo mọ ìwọ̀n jíìpù wa. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: mi ò mọ̀. Mi ò lè sọ ọ́.

Mo yíjú sí Bùráímọ̀. Mo ní, "Méjìdínlógún ni. Tọ́ọ̀nù méjìdínlógún."

Bùráímọ̀ ya ẹnu. "Tọ́ọ̀nù méjìdínlógún? Lórí táyà méjì yìí? Àbúrò, lọ́rì tí mò ń wà fúnra rẹ̀ ò gbé ju márùn-ún lọ."

Mo rí i pé Kòráà ń wo ẹnu wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ kàwé ni, àbí èmi?"

Ó wo tírélà tó gbó, ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ ni." Ó nu eruku kúrò lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó sì lọ wa lọ́rì wá láti so aláwọ̀ ewé mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kẹta, a gbé jíìpù lé aláwọ̀ ewé náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ, pẹ̀lú irin, a sì gbọ̀nà. Àárọ̀ ni. Èmi ni mo jókòó ti Bùráímọ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára, mo tilẹ̀ ń kọrin. Ìgbà tí a dé orí òkè kan tó gùn, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ tí Bùráímọ̀ sọ pé, "Lá ìláha." Mo bojú wẹ̀yìn. Tírélà náà ń jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ìrù ẹran tí eṣinṣin ń jẹ. Ó ń ti lọ́rì. Bùráímọ̀ ò sáré. Ó ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ó ń fi gbogbo apá rẹ̀ di ìdarí ọkọ̀ mú. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi ńlá bá ṣẹ́. Ọrùn tírélà ti já. Òun àti jíìpù takìtì sínú kòtò. Bó ṣe ń já lọ, ó fa ìdí lọ́rì, lọ́rì sì fẹ̀gbẹ́ gbá igi.

Èmi ò fi ibì kankan ṣèṣe. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Bùráímọ̀ há sáàárín ìdarí àti ilẹ̀kùn, ó fọ́. Nígbà tí wọ́n ń fà á yọ, ó ń bi mí pé, "Ṣé kò ṣe ọ́ ní nǹkan? Àbúrò, ṣé kò ṣe ọ́ ní nǹkan?"

Mẹkáníìkì kọ́ńpìnì ló wá wo tírélà nínú kòtò. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára irin pẹlẹbẹ náà, ó kà á, ó sì pòṣé. Ó ní, "Ọ́ńdírẹ́dìwéètì ni C, W, T yìí, méjìdínlógún péré! Kò tilẹ̀ pé tọ́ọ̀nù kan. Jíìpù lásán ju èyí lọ, ká má tíì sọ ti irin inú rẹ̀. Òmùgọ̀ wo ló yan èyí?"

Mo dúró tì í.

Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá ní kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí dírẹ́bà sì tẹ̀ka sí i, nítorí òun náà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Mo jókòó ti ìwé yẹn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Tí mo bá kọ òótọ́, wọ́n á béèrè bí ẹni tó ka ìwé mẹ́fà ò ṣe mọ lẹ́tà mẹ́ta. Wọ́n á rí i pé mẹ́rin ni mo kà. Mo rí ara mi tí mò ń padà sí Ìlọ́bù lọ́wọ́ òfo, tí bàbá mi tó ti ń pe ara rẹ̀ ní Bàbá Kíláàkì ń wo ilẹ̀.

Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé dírẹ́bà ló yẹ tírélà náà wò, òun ló yàn án, òun ló sì sáré jù lórí òkè.

Mo mú ìwé náà lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti fi nǹkan funfun di ọwọ́ ọ̀tún Bùráímọ̀ dé ìgúnpá. Ó rí mi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Kà á fún mi."

Mo di ìwé náà mú níwájú ojú mi, mo sì ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ pé ọrùn tírélà já. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni ó wí. Ó na ọwọ́ òsì, mo fi yíǹkì kun àtàǹpàkò rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó ní, "O ṣé, àbúrò."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fún un ní lẹ́tà. Kò mọ ẹlòmíràn tó lè kà á fún un; èmi náà ló gbé e wá bá. Ó wà níbẹ̀ kedere pé wọ́n lé e nítorí àìbìkítà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe jẹ́wọ́ nínú ìwé tó tẹ̀ka sí. Mo kà á fún un pé wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ò lè wakọ̀ mọ́. Ó wo ọwọ́ náà, ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sápò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìfọ́n. Ó fi ìkòkò àti ẹní rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Mo fi ọdún méjì mìíràn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n sọ mí di olórí kíláàkì. Mo ti ń gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, mo lè bá obìnrin aláta nájà kó má mọ̀ pé àlejò ni mí. Mo fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá mi. Gbogbo ohun tí èèyàn ń wá kiri nílùú òkèèrè, ó ti ń bọ̀ sọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun nínú ìkòkò yẹn. Tí ọkàn mi bá ń dá mi lẹ́bi, mo máa ń sọ fún un pé, "Ará Ìfọ́n ṣáà ni. Ṣé àwọn kọ́ ló ń gba ilẹ̀ wa?" Èmi tó jẹ́ pé mi ò mọ igun kan lára ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ! Mo lọ ya ìjà àwọn bàbá wa lò, mo fi bo ìtìjú mi. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní Sóǹgò máa ń wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn kọ lẹ́tà. Mo ní ojú ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bàbá mi dé. Tíṣà kọ ọ́ báyìí pé: "Ọ̀rẹ́ rẹ kan, Bùráímọ̀ ará Ìfọ́n, máa ń kí mi ní ọjà Ẹ̀rìn. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ tòun ti ọwọ́ rẹ̀ tí kò jinná tán. Mo bi í nípa rẹ, ó ní ara rẹ le, o sì ń ṣiṣẹ́ rẹ bí iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ọmọlúàbí báyìí wà nílùú wọn."

Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo sì wálé.

Ní Ìlọ́bù, wọ́n yọ̀ mọ́ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ń wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo múra Ìfọ́n, lẹ́ẹ̀mejì ni mo yí padà lójú ọ̀nà. Ìgbà kẹta, mo lọ láàárọ̀ kùtù kí ẹsẹ̀ mi tó rí àyè kọ̀.

Mo bá Bùráímọ̀ níwájú ilé wọn. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú igbá, ọ̀tún kàn ń di igbá mú. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mi ò sì dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀: ìwé mẹ́rin, lẹ́tà mẹ́ta tí mi ò mọ̀, ohun tí mo kọ, ohun tí mo kà fún un.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Bùráímọ̀ ní, "Mo mọ̀."

Mo gbórí sókè.

"Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbà níbí. Lẹ́yìn oko la máa ń lọ. Mo mú lẹ́tà tí wọ́n fi lé mi fún tíṣà wa pé kó bá mi wo bí mo ṣe ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Òun ló sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó ti lé lọ́dún kan."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì ń kí bàbá mi lọ́jà?"

"Ṣé bàbá rẹ ló kọ ìwé?"

Ìyá rẹ̀ ti dìde nígbà yẹn. Ó ké pé, "Ará Ìlọ́bù! Mo ti sọ ọ́! Bí wọ́n ṣe ń ṣe wá látọjọ́ nìyí!"

Ká ní Bùráímọ̀ dákẹ́ ni, ǹ bá ti rí ibi sá sí. Ì bá di ọ̀rọ̀ ìlú sí ìlú, ẹ̀bi mi ì bá sì pòórá sínú ẹ̀bi gbogbo wa. Ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi. Ẹ má fi ti ìlú kún un. Ìlú kọ́ ló ṣe mí. Òun yìí ni."

Ó wá ní kí n kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnì, kí n kọ òótọ́, kí n fi orúkọ mi sí i. Ó ránṣẹ́ pe tíṣà wọn. Mo kọ ọ́ lórí itan mi, tíṣà kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún kà á ní Yorùbá, Bùráímọ̀ ń gbọ́. Mo fi í ránṣẹ́ ní Òṣogbo lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n lé mi. Wọ́n kọ̀wé sí Bùráímọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ti mọ́, pé tó bá fẹ́, kó padà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò lè ṣẹ́ ẹ̀gúsí ò lè yí ìdarí lọ́rì. Ó fi lẹ́tà náà han gbogbo ẹni tó wà nínú kíláàsì wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ka orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ló sọ fún mi. Mi ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ kí èsì yẹn tó dé rárá, ní ọjọ́ kejì tí mo ti Ìfọ́n dé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí.

"Nígbà tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jà Ẹ̀rìn yẹn, ṣé ó ti mọ̀?"

"Ó ti mọ̀, bàbá."

Wọ́n dìde, wọ́n dé fìlà. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní, "Ìfọ́n." Ìyá mi ní kí wọ́n jẹun ná, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà.

Wọ́n ń rìn níwájú, mò ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń lọ sóko ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn dáadáa bí ìgbà gbogbo: "Ẹ kú òwúrọ̀. A dúpẹ́. Ilé ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ibi tí bàbá mi ò jẹ́ gbà kọjá ni wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ, nítorí mi. Wọ́n bi obìnrin kan ní ọ̀nà ilé Bùráímọ̀. Wọn ò bi èmi.

A bá a lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ṣí fìlà. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti ń dorí kodò, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

Ìyá Bùráímọ̀ pariwo pé, "Ó tì o! Bàbá, ẹ má dán an wò!" Bùráímọ̀ ti fò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbá wọn mú láyà kí wọ́n tó kan ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni mo bí i," ni bàbá mi ń sọ. "Èmi ni mo bí i."

Ó gbé wọn dìde, ó mú wọn jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé omi wá, ó kúnlẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣu, bí òjò ò ṣe tètè dé lọ́dún yẹn, bí orúnkún ṣe máa ń dun àgbà. Ilẹ̀ ni èmi wà. Mo ti dọ̀bálẹ̀ nígbà tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dìde. Mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oòrùn dé ẹ̀yìn mi, ó dé ọrùn mi. Wọ́n mu omi tán.

Bùráímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé òun ti dárí jì mí.

Ó ní, "Dìde. Bàbá rẹ fẹ́ máa lọ."

Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà mi, mo sì tẹ̀ lé wọn.